Ìdíje Tí Abẹ́rẹ́ Ti Pàdé Ọmọ Rẹ̀

Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́ àti nínú ikọ̀ eré ìdárayá rẹ̀. Kò ga, kò sanra, ìka ọwọ́ rẹ̀ sì le bí ìṣó, nítorí awọ ìjókòó mọ́tò ló ń rán jẹun. Òun nìkan lobìnrin ní ṣọ́ọ̀bù wọn. Tí wọ́n bá tú ìjókòó kalẹ̀, tí wọ́n bó awọ tó ti gbó kúrò lára fóòmù, òun ni yóò gé tuntun, yóò jókòó ti maṣíìnì ńlá tó ń mi tábìlì tìtì, yóò sì rán an títí ojú rírán á fi tọ́ gbọnrangandan. Oníbàárà tó bá fojú kéré rẹ̀, ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù á ní, "Kékeré labẹ́rẹ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ." Ibẹ̀ lorúkọ náà ti lẹ̀ mọ́ ọn.

Ọkọ rẹ̀ ló mú un mọ eré àwo. Àwo ike pẹlẹbẹ ni, ó fẹ̀ tó ìdérí ìkòkò. Èèyàn méje ló ń wọ pápá fún ikọ̀ kan, méje fún èkejì. Ẹni tí àwo bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ rìn. Ó ní láti jù ú sí ẹlòmíì, títí ẹnì kan nínú wọn á fi hán an lẹ́yìn ìlà tí wọ́n fà sí ìpẹ̀kun pápá. Ìyẹn ni ayò kan. Tó bá bọ́ sílẹ̀, ó di ti ikọ̀ kejì. Eré náà kò ní rẹfirí. Bí ẹnì kan bá gbá ẹnì kejì, tàbí tí ẹsẹ̀ bá kọjá ìlà, àwọn tọ́rọ̀ kàn ni yóò dúró, tí wọ́n á sì sọ ọ́ láàárín ara wọn. Ọkọ Abẹ́rẹ́ a máa sọ pé ìdí tóun fi fẹ́ràn eré náà ni pé kò sí rẹfirí téèyàn lè máa bú tó bá délé.

Nígbà tí ọkùnrin náà ṣaláìsí, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí ṣì wà nílé ìwé. Abẹ́rẹ́ kò fi eré sílẹ̀. Ó ń mú ọmọ dání lọ sí pápá ní ìrọ̀lẹ́, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di etí àwo mú àti bí wọ́n ṣe ń fi ọrùn ọwọ́ jù ú. Kò pẹ́ tí ọmọ náà fi ga ju ìyá rẹ̀ lọ, ó sì ń sáré bí ọ̀kẹ́rẹ́. Nígbà tó wọ ikọ̀, Òwú ni wọ́n sọ ọ́, nítorí ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ bá gbà lòwú ń tọ̀. Bí ìyá bá ti fẹ́ ju àwo, àwọn alátakò kì í wo ìyá mọ́. Ọmọ ni wọ́n ń wá kiri.

Àárín wọn dàrú níbi ìdíje èṣí. Òwú fẹsẹ̀ kọ, ó ṣubú, ó dìde, ó ní orúnkún òun ń ṣe òun bákan. Ìyá rẹ̀, tó jẹ́ balógun ikọ̀, gbójú sókè wo pátákó ayò, ó ní, "Ṣé o lè sáré?"

Ọmọ ní, "Mo lè sáré, mà."

"Ó yá, ó ku ayò kan."

Ibi tí Òwú ti fò sókè láti hán àwo ìkẹyìn ni iṣan orúnkún náà ti já. Wọ́n gba ife, wọ́n sì gbé e lọ sí ọsibítù. Iṣẹ́ abẹ ni, ọ̀pá ìtilẹ̀ ni, oṣù ń gorí oṣù, kò lè gun àtẹ̀gùn. Ó kó lọ sọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀, àbúrò bàbá rẹ̀, tí ilé tirẹ̀ wà nísàlẹ̀. Àwọn èèyàn rò pé nítorí àtẹ̀gùn ni. Àmọ́ lọ́jọ́ tó ń kẹ́rù, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó ní, "Màmá, pátákó lẹ wò. Ẹ ò wò mí."

Abẹ́rẹ́ fèsì pé, "Ìwọ lo sọ pé o lè sáré."

Òótọ́ ni. Àmọ́ òótọ́ tó sọ kò pọn omi sí ìkòkò ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ náà, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà" àti "Ṣé dáadáa lo wà?" nìkan ló ń kọjá láàárín wọn lórí fóònù. Nígbà tí orúnkún san, Òwú dara pọ̀ mọ́ ikọ̀ mìíràn ní òdìkejì ìlú. Abẹ́rẹ́ kò gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ rẹ̀. Igbákejì rẹ̀ ló sọ fún un, ọkùnrin kan tó ń kọ́ àwọn èèyàn ní mọ́tò wíwà, tí wọ́n ń pè ní Tíṣà Mọ́tò. Ohùn ọkùnrin náà kì í ga rárá, nítorí ó ti mọ́ ọn lára láti máa sọ "ẹ rọra tẹ búréèkì" fún ẹni tí ẹ̀rù ń bà.

Ìdíje ọdún yìí bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé. Òjò ti rọ̀ mọ́jú, koríko tutù, afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́ gba ẹ̀gbẹ́ pápá. Abẹ́rẹ́ rí ọmọ rẹ̀ láti òkèèrè nínú aṣọ aláwọ̀ búlúù, ìdè dúdú wà lórúnkún rẹ̀. Wọ́n pàdé nídìí ẹ̀rọ omi.

"Ẹ káàsán, mà."

"Káàsán. Ṣé ara le?"

"Ó le, mà."

Bí ẹni tí wọ́n jọ wà lórí ìlà ní báǹkì ni wọ́n ṣe kíra wọn. Abẹ́rẹ́ ti bu omi kún ìgò rẹ̀ tán, ó ṣì dúró síbẹ̀ díẹ̀, lẹ́yìn náà ó lọ.

Ikọ̀ méjèèjì yege lọ́jọ́ náà. Ní àárọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ara ògiri: ikọ̀ Abẹ́rẹ́ ni yóò kojú ikọ̀ Òwú, ẹni tó bá borí á lọ sí àṣekágbá. Àwọn ọmọ ikọ̀ ń wo balógun wọn lójú. Ó ń so okùn bàtà, kò gbójú sókè.

Tíṣà Mọ́tò ní, "Ta ni wọ́n máa ní kó máa ṣọ́ yín?"

Ó ní, "Ta ló mọ̀ mí jù níbẹ̀?"

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Bí eré ti bẹ̀rẹ̀, Òwú wá dúró síwájú ìyá rẹ̀. Nínú eré yìí, ẹni tó ń ṣọ́ni gbọ́dọ̀ ka iye sókè. Bí ó bá ka ẹ̀wá kí àwo tó kúrò lọ́wọ́ rẹ, o ti pàdánù rẹ̀. Òwú na apá méjèèjì, ó ń kà: "Ení, èjì, ẹ̀ta..." Abẹ́rẹ́ ṣe bí ẹni fẹ́ jù ú sápá òsì, kí ó tó yí i sí ọ̀tún, àrékérekè tó ti fi tan àwọn tó gbọ́n jẹ. Òwú kò tilẹ̀ mira. Ó ti dúró de ìyá rẹ̀ lápá ọ̀tún. Àwo náà bọ́ sílẹ̀.

Bí wọ́n ti ń bá a lọ nìyẹn. Ikọ̀ kan jẹ kan, èkejì náà jẹ kan. Kò sí èyí tó fi ayò méjì ju èkejì lọ. Ní ìdajì eré, Abẹ́rẹ́ hán àwo kan ní ẹ̀gbẹ́ ìlà, Òwú sì gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹsẹ̀ yín jáde, mà."

"Kò jáde."

"Mo rí i, mà."

"Èmi tí mo ni ẹsẹ̀ ńkọ́?"

Àwọn méjèèjì dúró, wọ́n ń mí gúlegúle, kò sẹ́ni tó lè bá wọn dá sí i. Abẹ́rẹ́ wo koríko, àmọ́ koríko tutù kò jẹ́rìí fún ẹnikẹ́ni. Níkẹyìn ó ní, "Ohun tó dá ọ lójú kò dá mi lójú." Òwú ní, "Bẹ́ẹ̀ náà lèmi." Òfin ni pé tí wọn kò bá gbà fúnra wọn, kí àwo padà sọ́wọ́ ẹni tó jù ú. Ó padà. Abẹ́rẹ́ rántí pé láti ọjọ́ tí ọmọ náà ti kúrò nílé, àwọn kò tíì bára àwọn sọ̀rọ̀ tó báyìí.

Nígbà tí fèrè àkókò dún, méjìlá sí méjìlá ni. Ayò kan ló kù. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ ló ni ín.

Ọwọ́ ikọ̀ Abẹ́rẹ́ ni àwo wà. Wọ́n jù ú láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé ọwọ́ balógun, kò jìnnà sí ìlà. Òwú fò láti dí i, ó balẹ̀ lórí ẹsẹ̀ kan, ẹsẹ̀ náà yọ̀, ó sì jókòó wọlẹ̀ gbì. Lẹ́yìn Òwú, Tíṣà Mọ́tò ti já gbogbo ẹni tó ń ṣọ́ ọ sílẹ̀. Òun nìkan ló dúró lẹ́yìn ìlà, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè. Ọmọdé lè ju àwo náà bá a.

Abẹ́rẹ́ rí i. Ó rí ọmọ rẹ̀ náà, tó fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún mú. Ó gbá àwo náà mọ́ àyà.

Ó ní, "Ẹ dúró. Ó ti ṣèṣe."

Ó kúnlẹ̀ sórí koríko. "Orúnkún ọjọ́sí ni?"

"Òun ni, mà. Mo lè sáré."

"Mi ò bi ọ́ bóyá o lè sáré. Ṣé ó ń dùn ọ́?"

Òwú wo ọ̀dọ̀ balógun tirẹ̀, obìnrin oníkẹ́míìsì kan tó ti ń sáré bọ̀. Lẹ́yìn náà ó wo ìyá rẹ̀. "Ó ń dùn mí. Bí ẹni pé nǹkan yẹ̀ nínú ẹ̀."

"Jáde."

Ojú Òwú le. Ó rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, "Tí mo bá jáde, kò sẹ́ni tó lè ṣọ́ yín níbí. Ṣé kẹ́ ẹ lè nà wá lẹ ṣe ní kí n jáde?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Abẹ́rẹ́ lára ṣinṣin. Kò bínú. Ó mọ ibi tí èrò náà ti wá. Òfin eré ni pé tí ikọ̀ kan bá pààrọ̀ ẹni tó ṣèṣe, ikọ̀ kejì náà lè pààrọ̀ ẹnì kan. Ó gbé àwo sílẹ̀ síbi tó wà gan-an, ó dìde.

"Èmi náà á jáde. Gbé apá lé mi léjìká."

Tíṣà Mọ́tò ti dé ọ̀dọ̀ wọn. "Balógun, kò pọn dandan. Ẹnikẹ́ni nínú wa ló lè jáde. Àbí kí ẹnikẹ́ni má tiẹ̀ jáde."

"Mo mọ̀."

"Ọmọ báǹkì ló kù ní ìta. Àwo méjì ló ti já bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀ lónìí."

"Ẹ pè é wọlé."

Ìyá àti ọmọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà. Ẹnì kan gbé yìnyín wá nínú ọ̀rá. Abẹ́rẹ́ gbé ẹsẹ̀ náà lé itan rẹ̀, ó tú ìdè, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ orúnkún jẹ́jẹ́, ojú rẹ̀ sì wà lórí pápá. Ọmọ báǹkì, ọ̀dọ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báǹkì, gba àwo níbi tí Abẹ́rẹ́ fi í sí. Ó jù ú dáadáa, wọ́n gbà á, wọ́n dá a padà fún un. Ó tún jù ú. Afẹ́fẹ́ gbé e sókè díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Oníkẹ́míìsì fò, ó fi ọwọ́ gbá a wálẹ̀.

Òwú di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú. Kò jọ pé ó mọ̀ pé òun dì í mú.

Àwọn aláṣọ búlúù gbé àwo náà, wọ́n ń jù ú lọ sí ìpẹ̀kun kejì, wọn kò kánjú. Ní ìkẹyìn wọ́n jù ú sókè réré sí ọkùnrin gíga kan. Tíṣà Mọ́tò bá a fò. Orí ìka rẹ̀ kan etí àwo, àwo náà yí bìrí lórí ìka, ó bọ́ sọ́wọ́ ọkùnrin gíga náà. Eré parí.

Òwú kò hó. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, mà." Abẹ́rẹ́ ní, "Jẹ́ kí yìnyín yẹn wà níbẹ̀," ó sì lọ bá àwọn èèyàn rẹ̀.

Tíṣà Mọ́tò ń fi tówẹ́lì nu ojú. Kò wò ó. "Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀, balógun. Kò sẹ́ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

"Mo rí ọ."

"Ẹ rí mi?"

"Mo rí ọ dáadáa."

Ọkùnrin náà ká tówẹ́lì rẹ̀, ó wọ mọ́tò tirẹ̀, ó sì lọ sílé. Àwọn tó kù wọ bọ́ọ̀sì. Ọmọ báǹkì ń sunkún lẹ́yìn, Abẹ́rẹ́ lọ jókòó tì í. Kò sọ fún un pé kò sí nǹkan kan. Ó sọ fún un pé àwo kìíní tó jù dára. Ní ìrọ̀lẹ́ wọ́n gbọ́ pé ikọ̀ Òwú náà fìdí rẹmi ní àṣekágbá.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, Abẹ́rẹ́ tọrọ àyè níbi iṣẹ́, ó sì tẹ̀ lé ọmọ rẹ̀ lọ sí ọsibítù. Wọ́n ya fọ́tò orúnkún náà, wọ́n ní kí wọ́n dúró de dókítà. Àga ibẹ̀ tutù, awọ rẹ̀ sì ti ya. Abẹ́rẹ́ ń fi ìka tọ ojú ibi tó ya.

Ó ní, "Lọ́jọ́ ìdíje èṣí, pátákó ni mo wò lóòótọ́. Máà bínú."

Òwú fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn kí nọ́ọ̀sì kan lè kọjá. "Èmi náà fẹ́ ife yẹn, mà. Ọjọ́ yẹn, mo mọ̀ pé mi ò lè sáré."

"Ọmọ ni ọ́. Èmi ló yẹ kí n mọ̀."

Dókítà ní iṣan kò já, ó wú ni, kí ó sinmi. Òwú ò padà sílé ìyá rẹ̀, kò sì padà sí ikọ̀ àtijọ́. Ó sọ ọ́ ní tààrà pé òun fẹ́ràn àwọn ẹni òun tuntun, pé oníkẹ́míìsì ń jẹ́ kí òun ju àwo fúnra òun. Ó dun Abẹ́rẹ́. Ó ní kó máa wá kí òun ní ìparí ọ̀sẹ̀, ó sì ń wá, kì í ṣe gbogbo ìgbà.

Tíṣà Mọ́tò kò wá síbi ìdánrawò fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó wá, ó sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn, ní ohùn rẹ̀ tí kì í ga, pé kí wọ́n tún balógun yàn. Ó ní òun kò ní ìkùnsínú sí ẹnikẹ́ni, àmọ́ ẹni tó bá ń darí ikọ̀ kò gbọdọ̀ ní ọmọ ní òdìkejì. Àwọn kan ń kùn. Abẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ na ọwọ́ sókè pé òun yan Tíṣà Mọ́tò.

Lẹ́yìn tí wọ́n ka ọwọ́ tán, balógun tuntun wò ó, ó ní, "Ẹ lọ dúró lápá òsì, mà. Afẹ́fẹ́ pọ̀ níbẹ̀, ẹ̀yin lẹ lè jù ú gba ibẹ̀."

Ó so okùn bàtà rẹ̀, ó sáré lọ sápá òsì.