Ọjọ́ Tí Fáànù Dúró ní Yàrá Ata

Ìyá Eléèpo ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, nítorí kò sí ọjọ́ tí kì í gbé àpò èèpo ẹ̀pà tàbí pòpórò àgbàdo wọlé. Iṣẹ́ ìwádìí ló ń ṣe. Ó ń wá bí ohun tí àgbẹ̀ ń dà nù ṣe lè di iná tí yóò máa mú ata àti tòmátò gbẹ kí wọ́n má baà jẹrà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ èéfín kò jẹ́ kó sinmi. Èéfín ààrò ló ba ojú ìyá tó bí i jẹ́. Ó ń po amọ̀ mọ́ eérú, ó ń sun ún, títí ó fi rí òkúta wẹ́wẹ́ kan; bí èéfín gbígbóná bá gba àárín rẹ̀ kọjá, oró inú rẹ̀ á kú.

Àbúrò ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ wẹ́dà, ló bá a jó irin ààrò tí yóò máa mú ata gbẹ pọ̀. "Ọkọ mi kékeré" ló ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkùnrin náà sígbọnlẹ̀ ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ.

Ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ kó òkúta náà sínú ààrò ńlá, ata pupa kún gbogbo atẹ́ inú yàrá tí ààrò náà wà. Àfi bí iná mànàmáná ṣe lọ. Fáànù tó ń fa èéfín gba àárín òkúta náà síta dúró. Ìyá Eléèpo sáré lọ tan jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ilé, ó ń ké pé kí ẹnikẹ́ni má wọ yàrá náà. Wẹ́dà kò gbọ́. Ó wọlé lọ fa àwọn atẹ́ sẹ́yìn, kí ata má baà jóná.

Jẹnẹrétọ̀ kọ̀, kò tan. Nígbà tí obìnrin náà padà dé, ó pe ọkọ rẹ̀ kékeré, kò gbọ́ ìdáhùn. Ó mọ̀ pé èyí tó ń pani nínú èéfín kò láwọ̀, kò sì lóòórùn. Ẹni tó bá fà á símú á rò pé oorun ló ń kun òun. Ó di èémí mú, ó ṣí ilẹ̀kùn gbayawu. Wẹ́dà ti nà gbalaja láàárín ata. Ó ki ọwọ́ bọ abíyá rẹ̀, ó wọ́ ọ títí dé ìta gbangba.

Ààrò ń hó lẹ́yìn wọn. Bí kò bá lọ dí ẹnu rẹ̀, ooru á yọ́ òkúta náà, iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún á sì wọmi. Bẹ́ẹ̀ wẹ́dà kò mí dáadáa. Ìyá Eléèpo kúnlẹ̀, ó ń fẹ́ èémí sí i lẹ́nu. Bàbá tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà béèrè bóyá kí òun lọ pa ààrò.

"Ẹ má sún mọ́ ọn, bàbá. Mọ́tò ni kí ẹ bá wa wá."

Wọ́n ti ń gbé wẹ́dà sínú mọ́tò kó tó húkọ́, tó lajú.

"Ìyàwó wa," ó ní, "ata ńkọ́?"

Ẹ̀rín àti ẹkún ló jọ gbé obìnrin náà.

Ní ọsibítù, ìyá ọkọ rẹ̀ kojú sí i.

"Ọmọ mi lo wá fi dán iná wò?"

Wẹ́dà ló fa ohun tí wọ́n fi bò ó nímú kúrò, tó ní, "Màmi, òun ló wọ́ mi jáde."

Nígbà tí ó padà síbi iṣẹ́, òkúta ti yọ́, ó lẹ̀ pọ̀ gbàgìdì. Àwọn ọ̀gá bi í léèrè ìdí tí kò fi kọ́kọ́ pa ààrò. Ó ní ọwọ́ méjì péré ni òun ní.

Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, ihò èéfín gíga tó ń fa èéfín síta láìsí fáànù ni òun àti wẹ́dà kọ́kọ́ ṣe, wọ́n sì fi ògiri pààlà sáàárín iná àti ata, kó lè jẹ́ pé ooru nìkan ni yóò máa wọlé. Nígbà tí ata àkọ́kọ́ gbẹ, Ìyá Eléèpo bu abọ́ kan ránṣẹ́ sí ìyá ọkọ rẹ̀. Ìyá náà gbà á, ṣùgbọ́n kò tíì dúpẹ́.