Karpo Tó Ná Gígùn Ekòló

Bí Dókítà Rowena ṣe gbé rúlà sí ẹ̀gbẹ́ ekòló náà, Karpo di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ dúró ná, Dókítà. Ẹ̀rù ṣì ń bà á."

"Ta ni ẹ̀rù ń bà, Bàbá?"

"Ekòló ni. Ẹ wò ó bó ṣe ká jọ. Tí wọ́n bá gbé ẹ̀yin náà sínú abọ́ láàárín èrò báyìí, ṣé ẹ máa na ara tán?"

Dókítà wo rúlà, ó ní ekòló náà kò ju àtẹ́lẹwọ́ kan àti ààbọ̀ lọ. Karpo ní kí ó pè é ní mẹ́ta. Dókítà ní kò ṣeé ṣe. Karpo ní ó dára, kí ó gbà á ní méjì àti ààbọ̀, kí àwọn má bá ara wọn jà. Gbogbo àwa tí a pé jọ síwájú ṣọ́ọ̀ṣì ìlú wa, Pawala, rẹ́rìn-ín títí. A ti rí i tó ń ná ẹja, a ti rí i tó ń ná pósí, ṣùgbọ́n a kò tíì rí ẹni tó ná gígùn ẹ̀dá Ọlọ́run rí.

Policarpo Rance ni orúkọ tí wọ́n fi ṣe ìrìbọmi fún un. Ó gé pankẹ́rẹ́ lórí òkè erékùṣù wa, Sibuyan, láti ìgbà èwe títí irun rẹ̀ fi funfun, kò sì san iye tí wọ́n pe ohunkóhun rí. Nígbà tí eyín ń dùn ún, ó ná dókítà eléyín títí ìyẹn fi gbà láti yọ méjì ní owó ẹyọ kan. Eyín kan ṣoṣo ló ń dun Karpo. Ó yọ méjèèjì, ó sì ń fi ẹnu wíwú sọ fún ẹni tó bá pàdé pé òun jèrè.

Ibi tí wọ́n ti ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Fadá ní kí ó ka àdúrà Màríà ní ìgbà mẹ́wàá, nítorí ó ṣe ojúkòkòrò sí ewúrẹ́ aládùúgbò rẹ̀.

"Fadá, márùn-ún. Mo kàn wò ó ni, mi ò fọwọ́ kàn án."

"Mẹ́jọ."

"Mẹ́fà, màá sì kúnlẹ̀ lórí òkúta."

Wọ́n parí rẹ̀ sí méje. Láti ọjọ́ náà, tí Fadá bá ti gbọ́ ohùn Karpo, ogún ló fi ń bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo tí Karpo kì í dín kù ni ìtàn. Níbi àìsùn òkú, nígbà tí a bá ń ta káàdì tí a ń mu kọfí kí olóògbé má baà dá wà, òun ni gbogbo ènìyàn ń dúró de ẹnu rẹ̀. Èyí tó fẹ́ràn jù ni ìtàn ekòló tó rí nínú igbó orí òkè, níbi tí kùrukùru ń gbé. Ó ní ó búlúù bí ojú ọ̀run, ó ní àmì funfun tótòtó lára, ó sì gùn ní ìgbọ̀nwọ́ kan, láti ìgúnpá dé orí ìka. Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Felisa ìyàwó rẹ̀ ní aṣọ tí òun ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì gan-an ló ṣàpèjúwe yẹn, bóyá ìgbà tí ọkọ òun sùn lọ níbi ìwàásù ló lá àlá rẹ̀.

Lọ́dún kan, Dókítà Rowena Lumauig àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ dé láti yunifásítì. Wọ́n fẹ́ mọ oríṣiríṣi ekòló tó wà ní erékùṣù wa, láti abẹ́ igi àgbọn etí òkun títí dé igbó orí òkè. Karpo ni wọ́n mú ṣe afinimọ̀nà. Ador, apẹja tó tún máa ń gbẹ́ sàréè ìlú, ló ń ru ṣọ́bìrì. Ador ti gbọ́ ìtàn ekòló yẹn títí ó fi sú u, lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì ló sì ti kò ó lójú.

"Ẹ̀gbọ́n Karpo, irọ́ yín ti sáré fún ogún ọdún, òótọ́ ti gbé ṣọ́bìrì dé o. Tí wọn ò bá rí i ńkọ́?"

"Tí wọn ò bá rí i, mi ò ní la ẹnu sọ ìtàn níbi àìsùn òkú kankan mọ́, títí èmi náà á fi di òkú."

"Ìgbọ̀nwọ́ kan o!"

"Ìgbọ̀nwọ́ kan."

"Ẹ ò sì ní ná an?"

"Mi ò ní ná an."

Felisa fọwọ́ lérí. Ó ní ọkọ òun ti ta ẹnu rẹ̀, kò tiẹ̀ dúró gbọ́ iye tí wọ́n fẹ́ san.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe iṣẹ́ afínjú. Wọ́n á fi okùn wọn ilẹ̀ ní igun mẹ́rin, wọ́n á gbẹ́ ẹ, wọ́n á kó iyẹ̀pẹ̀ sórí ọ̀rá, wọ́n á wá máa fọwọ́ fọ́ ọ wẹ́wẹ́. Wọ́n rí ekòló pupa, wọ́n rí dúdú, wọ́n rí èyí tó ń ta pọ́ún bí ẹja tó bọ́ sórí iyanrìn. Inú Dókítà ń dùn. Ṣùgbọ́n wọn kò rí búlúù. Karpo mú wọn lọ sí etí orísun omi tó ní òun ti rí i, wọ́n sì gbẹ́ ibẹ̀ títí Ador fi béèrè pé ta ló kú. Òfo ni wọ́n bá.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Karpo ra ẹja létí òkun, ó sì san iye tí ẹlẹ́ja pè. Ẹlẹ́ja fúnra rẹ̀ ló sáré wá bá Felisa.

"Ìyá Nening, ṣé ara ọkọ yín yá?"

Láti ọjọ́ ìgbéyàwó wọn ni Felisa ti ń bẹ Ọlọ́run pé kí ọkọ òun dákẹ́ díẹ̀. Ó wá jókòó tì í. "Bàbá Nening, ẹ sọ ti ekòló yẹn fún mi." Karpo kàn mi orí, ó sì lọ sùn. Àyà Felisa já.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ palẹ̀ mọ́ ni òjò ká wọn mọ́ orí òkè. Ador sá sábẹ́ igi pandan ńlá kan, irú èyí tí a ń fi ewé rẹ̀ hun ẹní, ó sì mi igi náà kí omi orí rẹ̀ lè dà tán. Omi dà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan bá omi wá, ó sì gba ọrùn ẹ̀wù rẹ̀ wọlé.

"Ejò! Ejò ti wọ ẹ̀wù mi! Ẹ gbà mí, Ẹ̀gbọ́n Karpo!"

Wọ́n bọ́ ẹ̀wù náà. Ohun búlúù kan, funfun tótòtó, ń wọ́ lọ lórí ẹ̀yìn rẹ̀. Karpo wò ó, kò fọwọ́ kàn án.

"Ador, ekòló ni. Ṣé o gbà pé ó wà?"

"Ẹ yọ ọ́ kúrò!"

"Mo ní ṣé o gbà?"

"Mo gbà! Búlúù ni! Ẹ yọ ọ́!"

"Tún un sọ, kí Dókítà lè gbọ́."

Dókítà tú ìdí ewé igi náà wò, níbi tí ewé jíjẹrà àti omi ti gbára jọ. Ó ní ibẹ̀ ni irú ekòló yìí ń gbé, kò sí bí ṣọ́bìrì ṣe lè kàn án. Karpo ní òun ti mọ̀ tipẹ́. Bẹ́ẹ̀ òun náà ló ní kí wọ́n gbẹ́ etí omi.

Báyìí ni wọ́n ṣe gbé e sínú abọ́ wá síwájú ṣọ́ọ̀ṣì, tí a fi dé ìdí rúlà. Karpo ti borí níbi àwọ̀, ìgbọ̀nwọ́ ló kù, Ador kò sì fẹ́ dá a sí. Ó rán an létí pé ó ti ṣèlérí pé òun kò ní ná an, Karpo sì tú ọwọ́ Dókítà sílẹ̀. Dókítà ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé òun náà kì í kọ ìwọ̀n ekòló tó bá ká jọ sílẹ̀. Ó da ọtí díẹ̀ sínú omi abọ́ náà. Díẹ̀díẹ̀, ara ekòló rọ̀, ó ń gùn, ó ń gùn, àwọn èrò ń hó bí ẹni ń wo ìjà àkùkọ. Karpo na apá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ekòló kọjá ọrùn ọwọ́. Ó dé àtẹ́lẹwọ́. Ó dúró.

Ador nawọ́ sí àlàfo tó kù.

Felisa ló jáde síwájú. "Ìgbọ̀nwọ́ ta ló sọ? Ṣé ó pe ìgbọ̀nwọ́ tirẹ̀ ni?" Ó ká ọwọ́ ẹ̀wù rẹ̀ sókè, ó na apá rẹ̀ kékeré sí ẹ̀gbẹ́ ekòló náà. Orí ìka rẹ̀ àti orí ekòló ṣe déédéé. Ṣùgbọ́n láti ibi tí Ador dúró sí, ènìyàn lè rí i pé Felisa ká ìka rẹ̀ sínú díẹ̀. Ador wo ìka náà. Ó wo ojú Felisa. Ó wo Karpo.

"Ìgbọ̀nwọ́ kan ni," ni Ador wí.

Ariwo ta. Karpo mí kanlẹ̀ bí ẹni tó sọ ẹrù pankẹ́rẹ́ kalẹ̀. Ó wá yíjú sí Dókítà, ó ní tí wọ́n bá fi ọtí kún un, ó ṣì lè gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó tún sọ ìtàn fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Ní ìgbà òjò tó kọjá ló sùn tí kò jí, láìná ẹnikẹ́ni. Nígbà tí a gbé e dé itẹ́ òkú, sàréè kò tíì tán. Ador wà nínú rẹ̀ dé ìbàdí, ó ń fọwọ́ fọ́ iyẹ̀pẹ̀, ó ń ṣa ekòló sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀.

"Ador, kí lò ń ṣe?" ni Fadá béèrè. "Òòrùn ń pa wá o."

"Fadá, ṣọ́bìrì lè gé wọn. Ṣé ẹ fẹ́ kí n tún bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ lórí gígùn ekòló pẹ̀lú Ẹ̀gbọ́n Karpo lónìí ni?"

Ẹ̀rín pa àwọn tó gbé pósí débi pé wọ́n ní láti sọ ọ́ kalẹ̀. Felisa rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀ létí ihò, ó bu ẹ̀kúnwọ́ iyẹ̀pẹ̀ kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Àwa náà kúnlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sẹ́ni tó kánjú mọ́, àní Fadá pàápàá. Ilẹ̀ tí a fi bò ó kúnná, ó sì rọ̀.