Bí Mo Ṣe Sáré Tẹ̀lé Ẹja Láti Jẹ́bà Dé Ìpàtà

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa nígbà tí mo kúrò nílé wa ní Ọjà Tuntun, ní Ìlọrin. Mo ti kí àsùbáà, mo gbé ọ̀pá ìwọ̀ mi lé èjìká, mo sì kó ekòló sínú agolo mílíìkì kan. Ṣùgbọ́n lóòótọ́, ọkàn mi kò sí níbi ẹja pípa. Ndagi ọ̀rẹ́ mi, apẹja Nupe tó ń gbé létí odò kékeré kan tó ń ṣàn lọ bá odò Ọya, lẹ́yìn Jẹ́bà, ló pè mí nírọ̀lẹ́ àná. “Alfa, ẹ wá wo omi wa. Ara rẹ̀ ò yá.” Bí fóònù ṣe gé nìyẹn, n kò sì rí i pè mọ́.

Kíkọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ni iṣẹ́ mi. Ìwọ̀ jíjù ni mo fi ń sinmi. Láti ìgbà tí mo ti gbé ìyàwó ni mo ti ń lọ bá Ndagi ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn, kò sì pè mí rí láti wá wo omi.

Ẹgbàajì náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ní gáréèjì. Ihò ojú títì wa ní Ìlọrin, ènìyàn lè fò ó. Èyí tí mo rí lẹ́yìn Bódè Sàádù, ewúrẹ́ lè sùn nínú rẹ̀ kí a má rí ìwo rẹ̀. A dúró díẹ̀, mo ra wàrà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà lọ́wọ́ obìnrin Fúlàní kan, ó ṣì ń gbóná. Dírẹ́bà wo ọ̀pá mi, ó rẹ́rìn-ín.

“Alfa, ìwọ̀ lẹ fẹ́ fi pẹja? Lọ́hùn-ún, wọn ò pẹja mọ́ o. Kíkó ni wọ́n ń kó o.”

“Kíkó báwo?”

“Ẹ máa rí i.”



A gba orí afárá kọjá Ọya. Láti ibẹ̀ mo gun ọ̀kadà ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀jọ náírà, nínú eruku, títí mo fi dé abúlé Ndagi. Ó ti ń dúró. Kò tilẹ̀ jẹ́ kí n jókòó. “Nuwan,” ni ó wí, èyí tí í ṣe omi lédè wọn, ó sì fà mí lọ́wọ́ lọ sétí odò.

Níbi tí mo ti máa ń rí ìka ẹsẹ̀ mi nínú omi, n kò rí ọwọ́ tí mo rì bọ̀ ọ́. Omi náà pọ́n bí ẹrẹ̀ tí wọ́n fi ń mọ ilé. Àwọn ọ̀bọ̀kún kéékèèké fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí omi, ikùn wọn funfun, èyí tó gùn jù nínú wọn kò ju ìka mi lọ. Mo ju ìwọ̀ síbẹ̀síbẹ̀, bóyá kí ọkàn mi lè balẹ̀. Mo jókòó títí. Bí ekòló ṣe wọlé ló ṣe jáde.

Ndagi sọ̀rọ̀ láìwò mí. “Àwọn tó ń wa góòlù lókè ló kọ́kọ́ ba omi jẹ́. Ẹja sá wá síbi tó jìn díẹ̀ níhìn-ín. Ìgbà náà ni àwọn ará abúlé wa kan da oògùn apakòkòrò sí i, èyí tí wọ́n ń fín sí ẹ̀wà. Mo bá wọn jà. Wọ́n ní bí àwọn ò bá kó o, omi pupa náà á ṣáà pa á.”

“Ibo ni ẹja ọ̀hún wà?”

“Wọ́n ti yan án. Ọkọ̀ gbé e láàárọ̀ yìí. Ọjà Ìpàtà ní Ìlọrin ló ń lọ.”

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Aláàjà, ń ta ẹja yíyan ní Ìpàtà. Odò yìí gan-an ló ti ń rà á, torí èmi fúnra mi ni mo sọ fún un pé kò sí omi tó mọ́ tó o.

“Ẹ jẹ oúnjẹ kí ẹ tó lọ,” Ndagi bẹ̀ mí. Mo ti ń wá ọ̀kadà.

Orí afárá ni fóònù mi ti rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Mo pe Aláàjà, ó ń dún, kò gbé e. Mo tún pè é. Kí ọkọ̀ tí mo wọ̀ ní Jẹ́bà tó dé Bódè Sàádù, tírélà kan ṣubú dínà. Létí títì ni mo ti kírun àìlà lọ́sàn-án, mo sì mọ̀ pé n kò mọ ohun tí mo kà nínú rẹ̀.

Àkókò ìrun alásàrì ti kọjá nígbà tí mo wọ Ìpàtà. Apẹ̀rẹ̀ méjì ẹja Jẹ́bà tó wọlé láàárọ̀ wà níwájú Aláàjà. Ọ̀kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ láìmí.

“Ojú ẹ ló ṣe tí wọ́n fi da oògùn sí i?” ni ó bi mí.

“Rárá. Ndagi ló sọ fún mi.”

“Ẹja tí iná ti yan, oògùn wo ló kù nínú ẹ̀?”

“Mi ò mọ̀, Aláàjà. Àìmọ̀ yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.”

Ó tú gèlè rẹ̀, ó fi bo àwọn apẹ̀rẹ̀ náà. “Ìyá Káfílà ti rà nínú ẹ̀ láàárọ̀,” ni ó wí. “Ọmọ ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ.”

A wọ kẹ̀kẹ́ Márúwà lọ sí ilé rẹ̀ ní àdúgbò Basin. Ìyá Káfílà ń bu ọbẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí a wọlé. Aláàjà kò kí i. Ṣe ló já abọ́ gbà. Obìnrin náà bínú, ó ní ṣé wèrè ni. Ìgbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, òun fúnra rẹ̀ ló gbé ìkòkò lọ dà á sí kòtò. Ìyá ọmọ tuntun kò tíì tọ́ ọ wò. Alihamudulilahi.

Ṣùgbọ́n Aláàjà kò mọ orúkọ àwọn oníbàárà tó kù. Nígbà tí a ń padà, ó sọ fún mi pé kí n kéde rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí.

“Ṣé kí n dárúkọ yín?”

“Bí o ò bá dárúkọ mi, báwo ni wọ́n á ṣe mọ̀ pé èyí tí wọ́n rà ni?”

“Ọjà yín ńkọ́?”

“Dárúkọ mi, Alfa.”

Tẹ́lẹ̀, mo máa ń sọ pé odò Ndagi jìnnà sí wa, pé ibẹ̀ ni mo ń sá lọ bí ayé bá sú mi. Kò jìnnà. Ohun tí wọ́n bá dà sínú rẹ̀ láàárọ̀ lè wà nínú abọ́ ọbẹ̀ wa kí ilẹ̀ tó ṣú, a ò sì ní mọ̀.

Lẹ́yìn ìrun màgáríbì, mo dìde níwájú àwọn tó tò lẹ́sẹẹsẹ ní sàfù. Mo sọ ibi tí ẹja náà ti wá, mo sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i, mo sì dárúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Bàbá kan ní sàfù ìkẹyìn dìde, ó gbá bàtà rẹ̀ mú lọ́wọ́, kò dúró wọ̀ ọ́, ó sì sáré gbọ̀nà ilé.