Ẹran Tí Dorcas Dá Padà

Ràódàt ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ ìkómọ ní ilé wọn ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ibẹ̀ ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn tó mọ̀ ọ́n sí Dorcas, ìyàwó míṣọ́nnárì, pọ̀ ju àwa tí a jọ pọnmi ní kékeré lọ. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín ilé wọn àti tiwa. Mùsùlùmí ni wọ́n, ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni wá, kò sì sẹ́ni tó fi ìyẹn ṣe wàhálà. Àmọ̀kẹ́ lorúkọ tèmi. Òwú àti bọ́tìnì ni mò ń tà ní Ọjà Akẹ̀sán. Ẹnu mi kì í dákẹ́, gbogbo ọjà ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbọ́, kó yáa di etí rẹ̀.

Bàbá àti ìyá wọn kú nígbà tí Ràódàt ṣì kéré. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Mìkáílù, ló tọ́ ọ. Télọ̀ ni Mìkáílù, ó sì tún máa ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú nírọ̀lẹ́. Ọkùnrin náà le o. Bó bá bínú sí ọ, ó lè tó oṣù mẹ́ta kó tó rẹ́rìn-ín sí ọ. Ṣùgbọ́n òun ló gbé àpótí àbúrò rẹ̀ sórí alùpùpù, tó gbé òun náà lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tó fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ibẹ̀ ni Ràódàt ti pàdé Akínpẹ̀lú, tó ń kọ́ṣẹ́ pásítọ̀. Ó gba Jésù, ó fẹ́ Akínpẹ̀lú, ó sì di Dorcas. Mìkáílù ní, "Kò sí ìfipáṣe nínú ẹ̀sìn. Ẹ ṣáà má jẹ́ kí ebi pa á." Òun fúnra rẹ̀ ló rán aṣọ tí ọkọ ìyàwó wọ̀. Kí lèèyàn tún ń fẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n?

Ẹran ló da nǹkan rú. Gbogbo ọdún tó fi wà nílé ọkọ ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni Mìkáílù ń fi ẹran Iléyá ránṣẹ́ sí i, Dorcas ń jẹ ẹ́, ó ń lá ọwọ́. Ìgbà tó di ọdún 1983, ìjọ wọn ní kí òun àti ọkọ rẹ̀ múra, wọ́n ń rán wọn lọ sí Sàró láti lọ máa wàásù. Lọ́dún náà, Mìkáílù gbé odidi ẹsẹ̀ àgbò kan sínú abọ́, ó ní kò ní jẹ́ rírán, òun fúnra òun ni yóò gbé e lọ, kí òun lè dágbére fún àbúrò òun. Èmi àti Hajarat ìyàwó rẹ̀ bá a lọ. A bá àwọn ìyá ìjọ nílé, wọ́n wá gbàdúrà fún un nítorí ìrìn àjò náà. Dorcas wo abọ́, ó wo ojú àwọn obìnrin náà. Ó ní, "Bùọ̀dá mi, ẹ má bínú. Ilé ìránṣẹ́ Ọlọ́run nibí. A kì í jẹ ẹran ẹbọ."

Háà! Ẹran tó ń jẹ láti kékeré! Nílẹ̀ wa níbí, bí o kò bá tilẹ̀ ní jẹ ohun tí wọ́n gbé fún ọ, wàá gbà á, wàá dúpẹ́, wàá wá ẹni fún lẹ́yìn tí wọ́n bá lọ. Kéèyàn dá a padà lójú àlejò, ìwọ̀sí gbáà ni. Ara mi gbóná, ojú sì ń tì mí fún ọkùnrin náà. Mìkáílù da aṣọ bo abọ́ rẹ̀, ó ní ká máa lọ.

Wọ́n lọ sí Sàró lóòótọ́. Ṣùgbọ́n abúlé tí wọ́n ń lọ kò ní ilé-ìwé, ni wọ́n bá fi Morẹ́nikẹ́, ọmọ wọn kan ṣoṣo, sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Díákónì kan ló gbà á sílé, gbogbo ìjọ sì dáhùn lọ́jọ́ ìdágbére pé, "Ọmọ gbogbo wa ni!" Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Kò pẹ́, ibi iṣẹ́ gbé díákónì lọ sókè Ọya. Ilé kejì gba ọmọ náà, ìyàwó ilé bí ìbejì, wọ́n ní àyè kò gbà á mọ́. Ilé kẹta ní òun kàn ń bá wọn mú un dání ni.

Mìkáílù lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọjọ́ Ìsinmi kan, ó gbé kaba méjì tó rán fún ọmọ náà dání. Ó bá a lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì, òun nìkan, àpótí rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìsìn ti parí tipẹ́. Àwọn ilé kẹta ti gbé àpótí rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ pé kí ẹlòmíì mú un lọ. Oníkálukú wá rò pé ẹnì kejì òun ti mú un, wọ́n bá lọ jẹun ọ̀sán. Mìkáílù bi í pé, "Ta ló ń bọ̀ wá mú ọ?" Ó ní, "Mi ò mọ̀, sà." Mìkáílù lọ sọ fún pásítọ̀ pé òun ń mú ọmọ àbúrò òun lọ. Pásítọ̀ dúpẹ́ púpọ̀. Bí Morẹ́nikẹ́ ṣe dé Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ nìyẹn.

Ó tó oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà kí ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Samuel tó ti Sàró dé. Ọmọ ìjọ wọn ni, ó lọ kí wọn lọ́hùn-ún, ó sì wá jíṣẹ́ fún Mìkáílù ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo wà níbẹ̀, òwú ni mo gbé wá. Samuel ní, "Ìyáàfin kí yín, sà. Wọ́n ní ọmọ kò gbọdọ̀ pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ. Wọ́n ní kò sì gbọdọ̀ fẹnu kan ẹran Iléyá." Mo ń retí kó dé ibi tí wọ́n ti dúpẹ́. Ọ̀gbẹ́ni yìí panu mọ́.

Mo ní, "Ṣé ó tán?"

Ó ní, "Ó tán, mà."

Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ gún un lára, Mìkáílù nawọ́ sí mi pé kí n dákẹ́. Ó ní, "Ó ti dé etí mi."

Ó sì pa òfin náà mọ́, ẹ̀yin èèyàn mi! Ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, yóò gbé ọmọ náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ìjọ àwọn òbí rẹ̀ ní Ọ̀yọ́ níbí, yóò jókòó sábẹ́ igi níta pẹ̀lú tẹ̀sùbáà rẹ̀ títí wọn yóò fi jáde. Tí Iléyá bá ku ọ̀la, yóò mú òòyẹ̀ adìyẹ wá bá mi. "Àmọ̀kẹ́, bá mi pa á nílé rẹ, kí o sè é nínú ìkòkò rẹ. Gbàdúrà tìẹ sí i." Lọ́jọ́ ọdún, tí Basit àti àwọn ọmọ Mìkáílù yòókù bá ń họ eegun àgbò, Morẹ́nikẹ́ á jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan pẹ̀lú àwo tirẹ̀. Mo bi Mìkáílù lọ́jọ́ kan pé kí ló kàn án nínú òfin ẹni tó tàbùkù rẹ̀. Ó ní, "Àmánà ni ọmọ náà, ohun tí wọ́n fi síkàáwọ́ ẹni. Ẹni tó gba àmánà kì í yan èyí tó wù ú nínú rẹ̀." Mo ní ìforítì rẹ̀ ti pọ̀ jù.

Ọdún 1987 ni Dorcas àti ọkọ rẹ̀ wálé fún ìsinmi. Ìjọ ṣe ìdúpẹ́ ńlá fún wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́, èmi náà lọ. Akínpẹ̀lú ròyìn Sàró, ó ròyìn àwọn tí wọ́n ti rì bọmi, àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Ni pásítọ̀ wá ní, "Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ bá wọn tọ́ ọmọ wọn, ẹ jó bọ̀ níwájú." Kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ti dìde! Kò ku ẹnì kan lórí bẹ́ǹṣì. Dorcas ń bá wọn jó, ó ń dì mọ́ wọn níkọ̀ọ̀kan. Ojú tì mí débi tí n kò lè gbé orí sókè, kì í sì í ṣe èmi lojú yẹ kó tì. Mo bọ́ sínú mọ́tò, mo padà sí Ọ̀yọ́ láì kí i.

Ọjọ́ Iléyá gan-an ni Dorcas yọ sí mi ní Akẹ̀sán. Mo ti se adìyẹ tán láàárọ̀, mo ní kí n ṣí ṣọ́ọ̀bù díẹ̀. Ó gbé àpótí kékeré kan lọ́wọ́, òfìfo ni. Ó ní, "Àmọ̀kẹ́, mo wá mú Morẹ́nikẹ́. Ilé-ìwé ti wà níbi tí wọ́n gbé wa lọ báyìí. Mi ò mọ̀ pé òní lọdún o. Ẹ̀rù ń bà mí díẹ̀. Àwọn ará ìjọ ní ẹ̀gbọ́n mi ló wá gba ọmọ náà tipátipá, inú sì ti ń bí mi láti ọjọ́ yẹn."

Mo ní, "Gbà á lọ́wọ́ ta? Lọ́wọ́ àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì?"

Mo ti ṣọ́ọ̀bù mi pa. Bí a ṣe ń rìn lọ sílé ni mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: díákónì, ilé kejì, ilé kẹta, àpótí lórí àtẹ̀gùn. N kò bu iyọ̀ sí i, n kò sì yọ nǹkan kan kúrò. Dorcas dúró láàárín ọ̀nà. Ó ní, "Àwọn tí mo bá jó lọ́jọ́ Ìsinmi ńkọ́?" Mo ní, "Àwọn náà ni."

A bá Mìkáílù lórí ẹní, àwọn ọmọ yí i ká, wọ́n ń jẹun. Dorcas kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ kú ọdún, sà. Ẹ kú ìyèdún."

Ó ní, "Ràódàt. Káàbọ̀." Kò pè é ní Dorcas rí.

Morẹ́nikẹ́ dìde láàárín àwọn ọmọ, ó ti ga. Ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀. "Ẹ kú àbọ̀, mà." Mà! Bí wọ́n ṣe ń kí àlejò. Dorcas gbá a mọ́ra, ọmọ náà dúró jẹ́ẹ́, apá rẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀.

Dorcas ní, "Bùọ̀dá mi, wọn ò sọ fún mi."

Mìkáílù ní, "Ìwọ náà ò bèèrè."

Ó ní òótọ́ ni. Ó ní òun wá mú ọmọ náà ni, ṣùgbọ́n òun kò mọ ẹnu tí òun yóò fi sọ ọ́ mọ́. Mìkáílù ní, "Ìwọ lo ni ín. Bó o bá fẹ́, mú un lọ lónìí." Morẹ́nikẹ́ ń wo ilẹ̀. Hajarat ní kí a kọ́kọ́ jẹun ná, ó gbé ìrẹsì síwájú Dorcas. Ó ní, "Adìyẹ ni mo fi sí tìrẹ, má fòyà. Ọ̀tọ̀ la sè é."

Dorcas ní, "Ta ló sọ fún yín pé mo ń bọ̀?"

Hajarat ní, "Kò sẹ́ni tó sọ. Ti Morẹ́nikẹ́ ni. Ọdọọdún la máa ń sè é lọ́tọ̀ fún un. Ṣebí ìwọ lo ní kó má jẹ tiwa."

Dorcas wo àwo, ó wo ọmọ rẹ̀. Ó wá wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mìkáílù ní, "Má wò mí bẹ́ẹ̀. Torí ọmọ ni mo ṣe é, kì í ṣe torí tìẹ. Tìẹ ṣì ń dùn mí."

Ni Dorcas bá fi orúnkún wọ́ dé etí ẹní. "Ẹ jọ̀ọ́, sà. Ẹ fún mi nínú ẹran yín jẹ."

Mìkáílù ní, "Ẹran ẹbọ ni."

Ó ti tó ọdún mẹ́rin tó ti ń gbé ọ̀rọ̀ náà kiri. Dorcas fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Èmi alára tí mo ti ń wá ọjọ́ tí ojú yóò tì í, ọjọ́ náà dé, n kò gbádùn rẹ̀ rárá. Hajarat ní, "Bàbá Basit, ọdún là ń ṣe o." Mìkáílù mú ẹran inú àwo tirẹ̀, ó gé e sí méjì, ó fi ìdajì sí orí ìrẹsì àbúrò rẹ̀.

Dorcas jẹ ẹ́. Ó ń jẹ ẹ́, ó ń sunkún, kò nu ojú. Morẹ́nikẹ́ sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, ó ń wo ẹnu rẹ̀. Ó ní, "Ṣé èmi náà lè jẹ ẹ́ báyìí, Mọ́mì?" Mọ́mì yẹn ni àkọ́kọ́. Dorcas já èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n ọmọ náà kò fi sẹ́nu. Ó mú un dání, ó bojú wo Mìkáílù tó ń pè ní Bàbá, ó tún bojú wo ìyá rẹ̀.

Ó ní, "Mọ́mì, ṣé Ọlọ́run ti wá fẹ́ràn Bàbá báyìí?"

Mìkáílù dìde, ó bọ́ síta. Dorcas, tó ti fi ọdún mẹ́rin wàásù ìfẹ́ Ọlọ́run ní Sàró, kàn fa ọmọ náà mọ́ra, ó ń pe orúkọ rẹ̀ ṣáá.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, òun àti ọkọ rẹ̀ padà sí Sàró láì mú Morẹ́nikẹ́ dání. Òun fúnra rẹ̀ ló bẹ Mìkáílù pé kó jẹ́ kí ọmọ náà ṣì wà lọ́dọ̀ rẹ̀. Mo sìn ín dé gáréèjì, mo bi í pé kí ló dé tó fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ó ní lẹ́yìn ìbéèrè tí ọmọ náà bi òun, ojú ń ti òun láti mú un lọ gbọ́ ìwàásù òun.