Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ Tí Kì Í Ṣe Ti Ibí

Òórùn àgbàdo tó ń hù lábẹ́ àpò tútù ni ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ tí ẹ bá wọ ẹ̀yìnkùlé àbúrò ìyá mi ní Sokoura, nílẹ̀ àwọn elédè Faransé, nígbà náà. Ó dùn díẹ̀, ó kan díẹ̀. Màkí kékeré kan, ìyẹn ilé ọtí, ló ní, tábìlì bíi mélòó kan lábẹ́ páànù. Lẹ́yìn tí owó sẹ́fà já lulẹ̀, bíà inú ìgò wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn oníbàárà fi ń jókòó ti ìgò kan títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ó wá rántí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tí ìyá rẹ̀ máa ń pọn kí wọ́n tó lé wọn kúrò ní Gánà. Ó ní bí òun bá lè máa pọn ọtí tòun, màkí náà ò ní kú. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ parí fásitì, n kò níṣẹ́, mo sì ti wádìí òfin: fún ọtí ìbílẹ̀, àṣẹ mẹ́rì, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba ìlú, ti tó, fún ọtí mìíràn, àfi àṣẹ ilé-iṣẹ́ ńlá, pẹ̀lú ẹ̀rọ àti yàrá àyẹ̀wò. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ náà ò le.

A gbé ìgò ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kan lọ sí mẹ́rì. Òṣìṣẹ́ tó dá wa lóhùn tọ́ ọ wò, ó rẹ́rìn-ín. Anago ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀.

"Anago tó ń pọntí! Mo rò pé mọ́ṣáláṣí ni gbogbo yín ń lọ."

"Àwọn tó ń lọ ń bẹ, ọ̀gá. Ṣọ́ọ̀ṣì lèmi ń lọ, wọ́n sì ń mutí níbẹ̀."

"Ó dùn, Tanti. Ṣùgbọ́n ẹmu àti ṣapálò ni ọtí ìbílẹ̀ tí mo mọ̀. Eléyìí kì í ṣe ti ibí."

"Àgbàdo oko Bodokro ni. Omi Sokoura ni. Èwo ni kì í ṣe ti ibí níbẹ̀?"

"Ọwọ́ tó pọn ọ́n ni, Tanti."

Kò fi ìbínú sọ ọ́, ṣùgbọ́n kò fún wa ní àṣẹ. Mo ti rò ó títí bóyá ó kórìíra wa. N kò lè fọwọ́ sọ̀yà. Ó bu ife kejì mu kí a tó kúrò.

Lọ́nà, mo ní kí a kúkú máa pè é ní ṣapálò.

"Ọkà bàbà ni wọ́n fi ń ṣe ṣapálò, ọmọ mi. Wọ́n á tọ́ ọ wò, wọ́n á mọ̀. Bí wọn ò bá sì mọ̀, ọwọ́ mi ṣì wà lára mi."

Ó da àgbàdo tó hù náà fún adìẹ. Màkí ò kọjá ọdún yẹn.

N kò rí irọ́ kankan nínú òfin tí mo kà, ohun tó sì ń rẹ̀ mí nìyẹn. Èèyàn lè bá irọ́ jà. Ṣùgbọ́n "ìbílẹ̀", tí ẹnikẹ́ni ò kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, ẹni tó jókòó lẹ́yìn tábìlì ló ń túmọ̀ rẹ̀. Àwa á dìde, a ó kí i pé ó dàbọ̀, a ó sì máa lọ.