Kúwáìtì ẹ Fíù

Bí mo bá gbọ́ tí ẹnìkan ń mi kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, ọkùnrin tó ń ṣọ́ sítóò ìjọba ní Àkúrẹ́ nígbà tí mílíìkì ọmọ ṣọ̀wọ́n bí ojú ni mo máa ń rántí, inú á sì bí mi. Ọmọ Oǹdó bíi tiwa ni. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa nílé, èdè Oǹdó ló fi ń pa àwa ìyá lẹ́rìn-ín. Àmọ́ tó bá ti dúró sẹ́nu ọ̀nà sítóò, á ní, "Iṣẹ́ ìjọba nìyí, mi ò lè sọ Oǹdó níbí."

Ọmọbìnrin mi bímọ, omi ọmú ò wá. Mo wọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́, mo tò.

"Ọmọ mi, mílíìkì ṣẹ́kù bí?"

Ó mi kọ́kọ́rọ́. "Màmá, kúwáìtì ẹ fíù."

Díẹ̀ ni èmi mọ fíù sí lédè òyìnbó. Mo wo èrò tó wà níwájú mi, mo ní díẹ̀ ò lè kàn mí, mo bá padà sílé. Àwọn ìyàwó ọ̀gá ìjọba tó gbọ́ òyìnbó, tí wọ́n tò pẹ̀lú wa, ò mira ní tiwọn.

Tíṣà àdúgbò wa ló là mí lóye: "Ìyá àgbà, púpọ̀ mà ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀!"

Ilẹ̀ mọ́, mo padà lọ. Mílíìkì ti tán.

"Kí ló dé tí o ò sọ pé ó pọ̀?"

"Màmá, bí òyìnbó ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn."

"Ta ni òyìnbó nínú àwa tó tò síwájú rẹ?"

Ó fi kọ́kọ́rọ́ ti sítóò.

Omi ògì la fi tọ́ ọmọ náà, Ọlọ́run sì dá a sí. Ọkùnrin yẹn ti kú báyìí. Mi ò tíì dárí jì í.