Ọwọ́ Ìyá Mi Nínú Tẹlifíṣọ̀n

Ẹ fa àga yín súnmọ́ mi díẹ̀, ẹ̀yin tí ẹ ń gbé odidi sinimá kiri nínú àpò ṣòkòtò. Ẹ jókòó, kí ẹ gbọ́ bí wàhálà ṣe wọnú àpótí kan tí kò tóbi ju páálí ọṣẹ lọ, tí kò sì jáde níbẹ̀ títí dòní.

Mo rántí ìgbà tí mo gbé tẹlifíṣọ̀n wọ ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Iléṣà. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, tó ṣiṣẹ́ rélùwéè títí tó fi fẹ̀yìn tì sí Òkè Baálẹ̀, ló ni ín. Àwòrán inú rẹ̀ kò ní àwọ̀, àfi dúdú àti funfun. Nígbà tí mo wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ó yá mi, ó ní kí n máa fi gbọ́ ìròyìn kí òyìnbó ẹnu mi lè dán. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní ìròyìn náà ni mo fẹ́ máa gbọ́. Ìròyìn wo? Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé kí wọ́n máa pè mí ní Onítẹlifíṣọ̀n.

Wọ́n sì pè mí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní ẹni bí ọmọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. A so áńtẹ́nà mọ́ orí ọparun lẹ́yìn fèrèsé, bí afẹ́fẹ́ bá sì fẹ́ pẹ́nrẹ́n, àwòrán á di kìkì òjò. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ dúró síta kó máa yí ọparun náà. Ta ni ìbá tún jẹ́ bí kò ṣe Onítẹlifíṣọ̀n?

"Yí i sọ́wọ́ ọ̀tún! Ó ti lọ! Dá a padà! Áà, ó ti dáa, má tiẹ̀ mí mọ́!"

"Ṣé wọ́n ti gbá a wọlé ni?"

"Wọ́n ti gbá a wọlé tipẹ́! Di ọparun mú, jàre!"

Bí mo ṣe wo bọ́ọ̀lù nìyẹn. Ariwo ni mo ń gbọ́, ẹ̀fọn ni mo ń rí.

Èrò ń pọ̀ sí i nínú yàrá wa, títí bẹ́ẹ̀dì kan fi ya lulẹ̀ lábẹ́ àwọn tó gùn ún. Ọ̀gá tó ń bójú tó ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọlé, kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn yọ wáyà lára ògiri, ó gbé tẹlifíṣọ̀n há abíyá, ó ní ó di ìgbà tí a bá ń lọ fún ìsinmi. Àwọn tó jẹ àwòrán rẹ̀ yó túká, wọ́n fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú ọparun.

Kò pẹ́ sí i ni ìyá mi ránṣẹ́. Aláró ni ìyá mi, ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ní Òṣogbo ló ti ń pa aṣọ láró. Ó ní àwọn oníṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n wá ya àwòrán òun àti ẹgbẹ́ òun nídìí ìkòkò aró, wọn yóò sì gbé e jáde ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Ó ní kí n gbé tẹlifíṣọ̀n ẹ̀gbọ́n òun bọ̀ wálé o, torí òun kò rí ojú ara òun rí kọjá inú jígí. Kò sí òmíràn nínú gbogbo ẹbí wa, ìyá mi kò sì ní lọ rọ̀ mọ́ fèrèsé ilé onílé láti wo ara rẹ̀.

Mo sáré tọ ọ̀gá lọ. Mo dọ̀bálẹ̀, mo rojọ́. Ó wò mí láti òkè awò ojú rẹ̀.

"Ṣé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni òfin, tí mo fi máa bó o fún ọ?"

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà kan ni a jọ ń gbé yàrá. Nígbà tó gbọ́, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin ará Òṣogbo, ẹ̀bẹ̀ nìkan lẹ mọ̀. Wá wo tiwa."

Láyé àtijọ́, àwọn èèyàn rẹ̀ a máa ru aṣọ lọ tà láwìn káàkiri. Bí oníbàárà bá ń sọ pé òní, ọ̀la, wọn a lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, wọn a ní, "Òṣó ni mà á ló títí mà á fi gbowó mi." Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè wọ́n ní Òṣómàáló. Láàárọ̀ Sátidé, ọ̀rẹ́ mi lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì ọ̀gá, ó gbé ìgbọ̀nwọ́ lé orúnkún, kò sọ̀rọ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọjá, wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Òṣómàáló! Aṣọ mélòó lo tà fún ọ̀gá?"

Ọ̀gá jáde. "Ta ló jẹ ọ́ lówó níbí?"

"Kò sẹ́ni tó jẹ mí lówó, sà. Tẹlifíṣọ̀n ọ̀rẹ́ mi ni."

Ọ̀gá wọlé. Ó tún jáde. Ó fò ó dá, ó lọ jẹun, ó padà bọ̀, ọ̀rẹ́ mi wà níbẹ̀. Nígbà tí oòrùn ti yẹ̀ kúrò lórí òrùlé, ọ̀gá mí kanlẹ̀. Ìjẹ̀ṣà lòun náà.

"Dìde," ó ní. "Bí bàbá mi ṣe lóṣòó kiri nìyẹn kí n tó lè kàwé, títí orúnkún rẹ̀ fi kọṣẹ́. Dìde, mi ò fẹ́ rí i mọ́."

Ó gbé tẹlifíṣọ̀n jáde. Inú mi dùn, àmọ́ ọ̀gá kò tíì ṣe tán. Ó ní ká gbàdúrà. Àdúrà náà gùn bí ọ̀nà oko; ó gba tàwọn òbí wa, ó gba ti ìdánwò, ó gba ti ìyàwó tí a kò tíì fẹ́. Gbogbo àmín tí mo ń ṣe, ojú mi wà lára wáyà.

Ní ibùdókọ̀, dírẹ́bà ní ọkọ̀ òun kò lọ àfi tó bá kún. Mo gbé tẹlifíṣọ̀n lé itan, mo ń wo oòrùn. Nígbà tí mo fi dé Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, gbogbo agbo ilé ti tò sórí bẹ́ǹṣì, ìyá mi wà láàárín nínú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Mo ki wáyà bọ ògiri. Iná ti lọ.

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi kàn ń wò mí bíi pé èmi ni mo kó iná lọ. Nígbà tí iná dé, ariwo sọ, ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n ìgbà yẹn a máa rò ó ná kó tó là. Ohun tí a rí nígbà tó là ni ọwọ́ méjì tó ń fa aṣọ jáde nínú ìkòkò, tí ìka ọmọńdinrín ọwọ́ òsì rẹ̀ tẹ̀ kọdọrọ. Bí a ṣe rí i tán, orin gbà á, orúkọ àwọn oníṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ó parí.

"Ọwọ́ mi nìyẹn," ìyá mi ní. "Aró mi ṣe wá dúdú báyẹn? Ojú mi ńkọ́?"

Wọ́n ní agbe ló laró, kì í ráhùn aró. Ìyá mi laró, ojú ló ń ráhùn.

Ní ọjọ́ Ajé, mo lọ sí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, mo ní kí wọ́n tún un ṣe. Wọ́n ní kí n máa lọ. Mo rántí ọ̀rẹ́ mi, mo bá lóṣòó sẹ́nu géètì. Gbogbo bó ṣe ṣe é ni mo ṣe, àfi pé Iléṣà kọ́ ni ibẹ̀. Ẹ̀ṣọ́ fò jáde pẹ̀lú kùmọ̀.

"Ìwọ yìí! Ṣé ibí lo fẹ́ yàgbẹ́ sí ni?"

Kí n tó ṣàlàyé, mo ti dé títì. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ pé wọ́n ti ya nǹkan mìíràn lé téèpù náà.

Ó ti pẹ́. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi kú, èmi ni mo jogún tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí kò là mọ́, adìẹ jogún rẹ̀ lọ́wọ́ mi, inú rẹ̀ ni wọ́n ń yé sí. Ọ̀rẹ́ mi jogún Òṣómàáló, orúkọ tí wọ́n fi ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ dòní. Ìyá mi ti lọ. Àbúrò mi obìnrin ló jogún ìkòkò aró, ọmọ mi obìnrin sì jogún ọmọńdinrín tó tẹ̀ kọdọrọ yẹn, ó sì ń lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àbúrò mi. Lọ́jọ́ kan, ọmọ tí ọmọ mi yìí bí na fóònù sí ìyá rẹ̀, ó ń ya á bó ṣe ń fa aṣọ jáde nínú aró. Mo yọjú wo fóònù náà láti ẹ̀yìn rẹ̀, ọwọ́ nìkan ni mo rí. Mi ò mọ ìgbà tí mo pariwo.

"Gbé e sókè! Ojú ìyá rẹ! Ya ojú rẹ̀!"